Níbo ni ìjà 67 àti 73 ti wá gan-an?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sánmà, ìjà táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń jà lórí bí àgbáálá ayé ṣe ń yára fẹ̀ tó yẹn, táwọn kan ní 67, táwọn míì ní 73, ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ Henrietta Leavitt ló ti ṣẹ̀, obìnrin tó ń yẹ fọ́tò ìràwọ̀ wò ní Harvard, sẹ́ńtì 30 péré ni wọ́n ń san fún un ní wákàtí kan. Ní 1912 ló fi hàn pé àwọn ìràwọ̀ kan wà, Cepheid, tí wọ́n máa ń mọ́lẹ̀, tí wọ́n á tún ṣú, èyí tó bá sì ń pẹ́ kó tó padà mọ́lẹ̀, òun gan-an niná ẹ̀ lágbára jù. Wò ó, tó o bá wà lórí Olúmọ lálẹ́, tó o rí gílóòbù kan lápá Ìtòkú, tó o sì ti mọ̀ pé wátì 60 ni, bó ṣe ń ṣe bàìbàì lójú ẹ ló máa sọ bó ṣe jìnnà tó.

Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló wá fi ìyẹn wọn ọ̀nà dé àwọn gálásì (àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ) míì, ní 1929 ó ní èyí tó jìnnà jù ló ń sá lọ jù, nọ́ńbà tó sì rí fún bí fífẹ̀ náà ṣe ń yá tó jẹ́ bíi 500 (ìyẹn iye kìlómítà tí gálásì ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ọ̀nà ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 3.26 kọ̀ọ̀kan tó fi jìnnà sí wa). Orúkọ Hubble ni wọ́n fi pe nọ́ńbà ọ̀hún títí dòní, tèmi ni pé ó yẹ kí Leavitt wà níbẹ̀, àmọ́ obìnrin náà ti kú láti 1921. Wàhálà 500 yẹn ni pé, tí fífẹ̀ bá yá tó bẹ́ẹ̀, àgbáálá ayé á jẹ́ ọmọ bíi bílíọ̀nù ọdún 2, bẹ́ẹ̀ òkúta wà nílẹ̀ tó dàgbà jùyẹn lọ, àbí ọmọ ṣe fẹ́ ju ìyá ẹ̀ lọ?

Walter Baade, ọmọ Jámánì, ló tú u. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n pa iná Los Angeles, sánmà wá dúdú dáadáa lórí Mount Wilson, òkè tí wọ́n ti ń fi awò wo ìràwọ̀ níbẹ̀ (àwa ò nílò ogun kírú ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbí), ó rí i pé oríṣi ìràwọ̀ méjì ló wà, ní 1952 ó kéde pé Cepheid náà pín sí méjì, Hubble ti pò wọ́n pọ̀. Àwọn gálásì wá jìnnà ju bí Hubble ṣe rò lọ, nọ́ńbà já wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì tún wá ń jà, Sandage ní 50, de Vaucouleurs ní 100, wọ́n fà á títí, àfi ní 2001 tí ikọ̀ Wendy Freedman mú 72 jáde.

Àlàáfíà ò pẹ́. Ní 2013 sátẹ́láìtì Planck ka ìmọ́lẹ̀ tó ti wà látìgbà tí àgbáálá ayé ò tíì ju ọdún 380,000 lọ, ó ní 67. Àmọ́ onímọ̀ ìràwọ̀ Adam Riess àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń lo Cepheid, wọ́n dúró sórí 73, awò James Webb tó wà lójú sánmà tún yẹ Cepheid wọn wò, kò rí àṣìṣe tó lè yanjú ẹ̀. Freedman fúnra ẹ̀ ti ń lo ìràwọ̀ míì báyìí, bíi 70 ló ń rí, Riess ò sì gbà.