Ará Fènísì Ló Kọ́kọ́ To Ilé-iṣẹ́ Kí Iṣẹ́ Lè Máa Lọ Geere

Bí ẹ bá béèrè ẹni tó kọ́kọ́ tún ilé-iṣẹ́ tò kí iṣẹ́ má bàa máa dúró lójú kan, Henry Ford, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe mọ́tò, ni wọ́n máa dárúkọ fún yín. Kí wọ́n tó bí baba ńlá Ford ni àwọn ará Fènísì, ní Ítálì, ti ń ṣe é ní Arsenale, ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun alájẹ̀.

Ọdún 1104 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọgbà náà. Ta ló wá fi irú ètò yìí sí wọn lọ́kàn? Lójú tèmi, omi ni. Ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni yóò fà á kó tó sún. Bó bá ti léfòó, okùn kan ti tó. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ há, tó jẹ́ pé odò ni títì rẹ̀, kò ní í pẹ́ mọ̀ pé kí ọkọ̀ máa lọ bá ẹrù yá ju kí ẹrù máa wá bá ọkọ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, torí ta ló fẹ́ máa gbé ọ̀dà gbígbóná kiri?

Ẹlẹ́rìí mi ni Pero Tafur, ará Sípéènì tó rin ìrìn-àjò láàárín 1435 sí 1439. Ó ní òpópónà gbọọrọ kan wà nínú ọgbà náà, omi òkun wà láàárín rẹ̀, fèrèsé ilé ìkẹ́rù sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ kékeré á máa fa ọkọ̀ ogun bọ̀; wọ́n á na okùn sí i láti fèrèsé kan, búrẹ́dì láti òmíràn, ohun ìjà láti òmíràn. Kó tó dé ìpẹ̀kun, ohun gbogbo ti pé, títí kan àwọn atukọ̀. Ọkọ̀ 10 ló jáde bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà.

Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Bí wọ́n bá yan Doge, olórí ìlú, tuntun, èjìká wọn ni wọ́n fi ń gbé e yí gbàgede ká. Ìjọba ń fún wọn ní wáìnì mu lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Àwọn kan á ní kíkó ẹrù sínú ọkọ̀ nìkan ni Tafur rí, pé ojú kan ni ọkọ̀ ń wà tí wọ́n bá ń kàn án. Ó rí bẹ́ẹ̀, kò sì pa ọ̀rọ̀ mi lára, torí kíkó ẹrù náà, iṣẹ́ ni, ó sì ń lọ geere.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì á mú Portsmouth wá, ọgbà ọkọ̀ ogun tiwọn, níbi tí ẹ̀rọ Marc Brunel, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí okùn ọkọ̀ ń gbà kọjá, ti jẹ́ kí ọkùnrin 10 ṣe iṣẹ́ 110 ní nǹkan bí 1808. Ẹ̀rọ ló pọ̀ nínú ìyẹn. Ní 1913 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Highland Park, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ wo ilé ìpẹran ní Chicago, níbi tí ẹran ti ń kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Títo férémù mọ́tò kan já láti wákàtí méjìlá ààbọ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ní Japan, ní 1947, Taiichi Ohno ti Toyota tú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ká, ó tò wọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ẹ̀rọ méjì. Kò pẹ́ tó fi di mẹ́ta, mẹ́rin.