Jáńgílófà kò lè gbé fáànù

Ọmọkùnrin kan gbé páìpù oníke wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ká wáyà bàbà mọ́ ọn láàárín, ó ju òòfà sínú rẹ̀, ó dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ó mì ín jìgìjìgì, LED, iná kékeré tó wà lára rẹ̀, sì ń ṣẹ́jú. "Ọ̀gá, tí mo bá ṣe ńlá rẹ̀ sára jáńgílófà àwọn ọmọ iléèwé, ṣé kò ní gbé fáànù?"

Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti 1831 ni Michael Faraday ti fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí òòfà bá ń rìn lọ́dọ̀ wáyà tí a ká, iná á sáré nínú wáyà náà. Tí òòfà bá dúró, iná dúró. Mo so mítà alábẹ́rẹ́ mọ́ ọn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Òòfà ń wọlé, abẹ́rẹ́ fì sọ́tùn-ún. Ó ń jáde, abẹ́rẹ́ fì sósì. Ó dé ìdí páìpù, abẹ́rẹ́ padà sí òdo. Ohun tó ń mú LED ṣẹ́jú nìyẹn. Dáyódù mẹ́rin, ẹ̀yà tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, á darí iná náà gba ọ̀nà kan, kàpásítọ̀ á tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n dáyódù méjì tí iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà á ti jẹ tó fólítì 1.4. Bí wáyà rẹ bá ń mú fólítì 2 wá, kí ló kù?

Ó wá ku jáńgílófà. Ọmọ tó wọn kílò 30, tí a tì sókè ní ìdajì mítà, agbára inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi júùlù 150 lọ (júùlù la fi ń wọn agbára). Bátìrì fóònù tó gba wọ́ọ̀tì 15 fún wákàtí kan ń fẹ́ júùlù 54,000. Ìgbà 360 lo máa tì í, ká tiẹ̀ ní kò sí èyí tó ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, iná tí o bá yọ, ara fífì yẹn náà lo ti yọ ọ́: jáńgílófà á tètè dúró, apá ẹni tó ń tì í ló máa ro ó. Mo máa ń bẹ àwọn èèyàn gidigidi: ẹni tó bá ní òun ní ẹ̀rọ tó ń fì láìdúró, tí kì í jẹ epo, ẹ má fowó yín sí i.

Yíyí ló dára jù, torí kì í dúró lópin kan kó tó padà. Nínú jẹnẹrétọ̀ náà, písítìnì ń lọ sókè sódò, kíránkì ló ń sọ ọ́ di yíyí kó tó kan wáyà. Ẹni tára rẹ̀ le tó ń wa kẹ̀kẹ́ ológeere lè mú bíi wọ́ọ̀tì 75 jáde fún wákàtí kan. Ìyẹn lè gbé fáànù kékeré.

Ó ní kẹ̀kẹ́ bàbá òun wà nílé, táyà ẹ̀yìn ló jò. Mo ní kó gbé e wá ní Sátidé.