Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó Idà Ológun Japan Yàtọ̀ sí Ayédèrú

Nígbà tí Japan túúbá ní ọdún 1945, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n kó idà wọn sílẹ̀. Wọ́n ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn idà náà jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò níye ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ọsirélíà gbé lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ogun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹ̀ka ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Yorùbá wà lára wọn, bá àwọn tó so irú idà bẹ́ẹ̀ mọ́ ìbàdí jà ní Bọ́mà. Níwọ̀n bí ojúlówó kò ti lè pọ̀ ju iye tó wà lọ mọ́, tí àwọn tó fẹ́ rà á sì ń pọ̀ sí i, àwọn kan, pàápàá jù lọ ní Ṣáínà, ti sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa ṣe èyí tó jọ ọ́, kí wọ́n sì mú un dípẹtà kó lè dà bí ohun àtijọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ó gbọ́dọ̀ mọ irú idà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí tí à ń wá lára ọ̀kan kọ́ là ń wá lára èkejì. Ọdún 1934 ni àwọn ológun orí ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí wọ́n ń pè ní shin-guntō, tí ìrísí rẹ̀ jọ idà àwọn jagunjagun àtijọ́ wọn. Owó ara rẹ̀ ni ọ̀gá ológun fi ń ra tirẹ̀. Ó lè gbé iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ, ó lè ra èyí tó ti wà nílẹ̀, ó sì lè mú idà tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀, kí wọ́n bá a fi akọ̀ àti èèkù ológun sí i. Àwọn sájẹ́ǹtì kò ra tiwọn. Ìjọba ló ń fún wọn, láti ọdún 1935, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ṣe é. Èyí tí ìjọba pín gbọ́dọ̀ jọra wọn. Èyí tí ọ̀gá rà lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn pátápátá, àmọ́ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára wọn mu.

Ti sájẹ́ǹtì ló rọrùn jù. Okùn tó dà bí ẹni pé wọ́n wé mọ́ èèkù rẹ̀ kì í ṣe okùn: alumíníọ̀mù ni wọ́n yọ́ tí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́, tí ti ìparí ogun sì jẹ́ igi lásán. Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí ara irin nítòsí èèkù, nọ́ńbà yẹn náà ló sì yẹ kó wà lẹ́nu akọ̀. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé akọ̀ ti pààrọ̀, èyí tó rọrùn kó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kó idà jọ gègèrè bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà náà bá wọ́, tí apá kan jìn tí apá kan kò jìn, tàbí tó hàn pé ńṣe ni wọ́n fi nǹkan gbẹ́ ẹ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìfura ti dé nìyẹn.

Ti ọ̀gá ológun ló gba sùúrù, nítorí inú èèkù ni òtítọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ tú u á kọ́kọ́ ti èèkàn ọparun kékeré tí wọ́n ń pè ní mekugi jáde, á di èèkù mú ní òòró, á wá fi ìkúùkù ọwọ́ kejì gbá ọrùn ọwọ́ tó di èèkù náà jẹ́jẹ́ títí irin á fi sún jáde. Àwọn awẹ́ idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní seppa á wá yọ, níwájú àti lẹ́yìn tsuba, ìyẹn irin tó ń dáàbò bo ọwọ́. Lára ọ̀pọ̀ ojúlówó, nọ́ńbà kékeré wà lára wọn. Bí 47 bá wà lára ọ̀kan, 47 náà ló yẹ kó wà lára ìyókù àti lára tsuba, nítorí pé ńṣe ni wọ́n fá wọn títí wọ́n fi jókòó sára idà kan ṣoṣo yẹn láìmì. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà da ara rẹ̀ láàmú lórí ohun tó gbà pé olùrà kò ní tú wò.

Ìdí irin tó wọ inú èèkù ń jẹ́ nakago, òun sì ni ẹlẹ́rìí tó ga jù. Ìpẹtà ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kó dúdú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́, a ṣì máa ń rí ipa fáìlì tí alágbẹ̀dẹ fi họ ọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìpẹtà tí wọ́n fi kẹ́míkà fà máa ń pupa bí osùn, ó sì lè máa bu sí ìka. Níbi orúkọ alágbẹ̀dẹ, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ a máa hàn nínú bí ṣísẹ́lì ṣe wọlé tó sì jáde. Ti ayédèrú sábà máa ń tẹ́ lẹ́sẹ̀, tàbí kó jẹ́ lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀. Bí ọdún bá wà níbẹ̀, ìṣirò ìjọba Shōwa, ìyẹn ti Ọba Hirohito, ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí tí wọ́n rọ nígbà ogun, a ó sì fi 1925 kún un: Shōwa 17 jẹ́ 1942. Òǹtẹ̀ kékeré tún máa ń wà lára irin ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rọ ní ìlú Seki ní Japan. Òǹtẹ̀ ìràwọ̀ ń fi hàn pé alágbẹ̀dẹ tí ológun fọwọ́ sí ló rọ ọ́, pẹ̀lú irin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tamahagane.

Ìlà funfun tó ń tẹ̀ lé ojú idà, hamon, máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ojúlówó rẹ̀ ń wá láti inú bí wọ́n ṣe fi amọ̀ bo irin ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n tó mú un gbóná tí wọ́n sì tì í bọ omi. Tí a bá gbé e sábẹ́ iná, tí a sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, a ó rí nǹkan bí ìkùukùu, tí èérún dídán tíntìntín wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì yà máa ń dúró sójú kan bí ẹfun tí wọ́n fà sára ògiri. Ẹ má sì tìtorí pé hamon kò rẹwà kọ idà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe nígbà ogun, inú epo ni wọ́n tì í bọ̀, tiwọn kì í sì í dán tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, idà ọdún 1944 àti 1945 lè rí gbáńgbákù nítorí pé ohun èlò ti tán nílẹ̀.

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé láti Japan gan-an ló ti ń bọ̀. Òfin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n forúkọ idà tí wọn kò rọ ní ọ̀nà ìbílẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọn kò bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò bófin mu láti ní in. Nítorí náà, bí idà náà bá ṣì wà ní Japan, ó yẹ ká béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀; bí wọ́n bá ti gbé e jáde níbẹ̀, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gbé e jáde ló yẹ ká béèrè.

Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni ti àwọn tó rí ojúlówó, tí wọ́n sì fi pépà oníyanrìn ha nakago rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Ìpẹtà dúdú yẹn ni ọjọ́ orí idà náà. Epo díẹ̀ lára irin tó hàn síta ti tó. Inú èèkù, kí á dá a padà bí a ṣe bá a.