Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tó Tọ́ fún Àlòkù Rìfọ́fà Kékeré ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ará ìlú láàyè láti ní ìbọn ìléwọ́, rìfọ́fà kékeré wà lára àwọn ìbọn tó máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Rìfọ́fà ni ìbọn tí ọta rẹ̀ máa ń wà nínú àgbá kékeré kan tó ń yí bí a ṣe ń yìn ín. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn kékeré náà ni Smith & Wesson gbé jáde ní ọdún 1950 lábẹ́ orúkọ Chiefs Special; ọta márùn-ún irú .38 Special ni ó ń gbà, ó sì kéré tó ohun tí a lè fi sínú àpò ṣòkòtò. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ yìí ti ń ṣe ìbọn ìdílé kan náà pẹ̀lú àyípadà díẹ̀díẹ̀, débi pé méjì tó jọra bí ìbejì lè wà nínú àpótí gíláàsì ìsọ̀ kan náà, kí owó ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì owó èkejì, kí owó méjèèjì sì tọ́. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ yìí kì í sábà jẹ́ dídán ara ìbọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ojú olùrà kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Ní Nàìjíríà, òfin ka ìbọn ìléwọ́ irú èyí mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ààrẹ. Nítorí náà, àwọn Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, tí òfin sì gbà wọ́n láàyè, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá, a gbọ́dọ̀ mọ irú ìbọn tó wà níwájú wa gan-an. Lára Smith & Wesson, a ó ṣí àgbá ọta síta, a ó sì wo ara férémù, ìyẹn egungun ìbọn tí ẹ̀yà yòókù so mọ́, níbi tí apá tó gbé àgbá náà dúró máa ń bò mọ́lẹ̀; ibẹ̀ ni wọ́n tẹ nọ́ńbà irú ìbọn náà sí láti ọdún 1957, nígbà tí Chiefs Special di Model 36. Nọ́ńbà kékeré tó bá tẹ̀ lé e, bíi 36-1, ń tọ́ka sí àyípadà tí ilé iṣẹ́ ṣe. Model 60, tó jáde ní 1965, ni irin aláìdípẹtà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Airweight ní férémù alumíníọ́mù, wọ́n sì fúyẹ́ púpọ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1982, pín-ìn-nì kékeré kan ni ó di ọ̀pá ìbọn mú nínú férémù, àwọn tó ń kó ìbọn jọ sì máa ń san owó kún un nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn ní 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ihò kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ ìbọn wọn, ọ̀pọ̀ olùrà kò sì fẹ́ ihò yìí. Ìdí nìyí tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fi máa ń gbówó lórí ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Colt Detective Special, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1927, tó sì ń gba ọta mẹ́fà, ní ọjà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí kò sí tuntun rẹ̀ mọ́ láti àárín àwọn ọdún 1990 síwájú.

Nígbà tí a bá ti mọ orúkọ rẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni iye tí wọ́n ń tà á. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iye tí ọlọ́jà pè kì í ṣe iye ọjà. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ 900 dọ́là sára ìbọn, kí ìbọn náà sì wà lórí àtẹ fún ọdún méjì. Ohun tí a ń wá ni iye tí olùrà san gan-an. Lórí GunBroker, tó jẹ́ ojúlé gbàǹjo ìbọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a lè wo àwọn gbàǹjo tó ti parí, kí a yọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn kúrò, kí a sì mú èyí tó bá nọ́ńbà irú ìbọn náà mu ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó ga jù lọ máa ń jẹ́ ti ẹni méjì tí wọ́n ń bá ara wọn díje, èyí tó relẹ̀ jù sì sábà máa ń ní àléébù tí àwòrán kò fi hàn. Àwọn tó wà láàárín ni ọjà. Ìwé iye ìbọn tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún wúlò láti mọ bí ipò ìbọn ṣe ń yí owó padà, ṣùgbọ́n gbàǹjo yára ju ìwé lọ.

Irú tí wọ́n ṣì ń ṣe lónìí, bíi Smith & Wesson 642 tàbí Ruger LCR, ní òrùlé tí owó àlòkù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, èyíinì ni iye tuntun rẹ̀ ní ìsọ̀. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò bá ju àádọ́ta dọ́là lọ, tuntun ni ó dára jù, nítorí ìlérí àtúnṣe ilé iṣẹ́ bíi Smith & Wesson jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á.

Àyẹ̀wò inú ìbọn ni ó yẹ kó gba àkókò jù. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ṣí àgbá fúnra rẹ̀, kí ó fi ojú rí i pé kò sí ọta nínú ihò kankan, kí ó sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ó tó fa ohunkóhun, nítorí kì í ṣe gbogbo ìbọn ló yẹ kí a máa fà lófìfo. Lẹ́yìn èyí, tí ìbọn bá ní òòlù (irin tó ń lu ọta kó lè bú) níta, a ó fi àtàǹpàkò fa òòlù náà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a ó sì fi ìka ọwọ́ kejì kan àgbá fẹ́rẹ́ láti dín yíyí rẹ̀ kù. Kí òòlù tó dé òpin, a gbọ́dọ̀ gbọ́ bí ìkọ́ kékeré tó ń dá àgbá dúró ṣe bọ́ sínú kòtò rẹ̀. A ó tún un ṣe fún ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí ihò kan ṣoṣo lè máa pẹ́ dé nígbà tí ìyókù ṣì dára. Èyí tí òòlù rẹ̀ wà nínú, bíi 642, a ó fa á láti ibi tí ìka ń fà, pẹ̀lú sùúrù kan náà. Bí àgbá kò bá bá ọ̀pá ìbọn ṣe déédéé, etí ọ̀pá ni yóò máa fá òjé ọta, ègé rẹ̀ yóò sì máa ta síta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan mọ́.

Àlàfo tó wà láàárín iwájú àgbá àti ẹ̀yìn ọ̀pá ni a ń fi fílà géèjì wọ̀n, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kì bọ inú àlàfo, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ń lò. Láti 0.004 sí 0.010 ínǹṣì ni ó wọ́pọ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí àgbá ń lọ síwájú-sẹ́yìn nígbà tí a bá ti pa á dé, iṣẹ́ agbẹ́bọn, ìyẹn ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ń bọ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti ara iye ìbọn jáde. Tọ́ọ̀ṣì ni a fi ń wo inú ọ̀pá: òrùka dúdú kan láàárín rẹ̀ ń sọ pé ọta kan ti há síbẹ̀ rí, tí òmíràn sì lé e jáde, tí irin fi wú. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní rírà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Àwọn Airweight tún ní àléébù tiwọn. Férémù wọn máa ń sán lábẹ́ ibi tí ọ̀pá wọlé sí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni, a kì í sì í rí i àfi bí a bá ṣí àgbá síta. Colt àtijọ́ pẹ̀lú gba ìṣọ́ra, nítorí iṣẹ́ inú rẹ̀ díjú, àwọn agbẹ́bọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì pọ̀ mọ́.

Ara òde ń ṣini lọ́nà púpọ̀. Ìbọn tí ọlọ́pàá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti pàwọ̀ dà ní imú àti ní etí àgbá, nítorí àkọ̀ awọ tí ó ń wọlé-jáde nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun, nítorí ọlọ́pàá ń gbé e ju bí ó ṣe ń yìn ín lọ. Fún ẹni tó fẹ́ lò ó, irú èyí ni ọjà ọ̀pọ̀. Ní ìdà kejì, èyí tí wọ́n tún kùn kó lè máa dán ti pàdánù lójú àwọn tó ń kó ìbọn jọ, nítorí àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi sí i níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Orí síkúrúù tó ti fọ́ ń sọ pé ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tó yẹ ti tú u. Páálí àti ìwé rẹ̀, àti èèkù igi tó bá a jáde, ń fi owó lé ti àtijọ́. Lára 642, ìwọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan.

Owó òfin náà wà nínú ìṣirò. Ẹni tó bá ra ìbọn lọ́wọ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ gbà á nípasẹ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ẹni tí yóò jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tí yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba kó tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Oníṣòwò náà ń gba owó iṣẹ́ yìí, owó ìfiránṣẹ́ sì tún wà lọ́tọ̀.

Ká ní 642 tuntun ń lọ ní 450 dọ́là ní àdúgbò, tí àwọn àlòkù rẹ̀ tó wà láàárín gbàǹjo sì ń lọ ní 340. Bí ìfiránṣẹ́ bá jẹ́ 30, tí owó oníṣòwò jẹ́ 30, àlòkù tí a kò fọwọ́ kàn rí ti di 400. Nítorí náà, ẹni tó ń tà á ní ìsọ̀ tòsí, tó sì jẹ́ ká fi fílà géèjì àti tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rẹ́ wa jẹ bó bá ní 370. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe 420, a kò ní rí èrè nínú àlòkù yẹn mọ́. Ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀ fún ìsọ̀ náà kò gbọdọ̀ retí 370, nítorí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ rí owó ilé àti èrè níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní 220, ìyẹn kò kọjá ohun tó wọ́pọ̀. Bí àyẹ̀wò bá sì fi àléébù hàn, a ó béèrè iye àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ́bọn, a ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú 370, a ó sì fi àléébù náà han ẹni tó ń tà á lójúkojú kí a tó dá owó.