Sodabi (ògógóró) ò fọ abẹ́rẹ́ o

Fámásì kan ni mo ti ń tajà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lápá Ouando, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò ṣàjèèjì sí wa, ojú ló kàn ń ti èèyàn láti sọ ọ́. Àwọn ọmọkùnrin 3 kan wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹyọ síríńgì kan péré ni wọ́n rà. Mo ní ẹyọ kan kẹ̀, ẹ̀yin mẹ́ta? Èyí tó kéré jù nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní "Tàǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, tá a bá lò ó tán a máa ń fi sodabi ṣàn án, kòkòrò wo ló lè kojú sodabi?"

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Oògùn tí wọ́n ń gún sára kí wọ́n tó ní ìbálòpọ̀ ni, kó lè pẹ́, kó sì dùn. Ẹni tí kálukú ń bá sùn ò kàn mí o, ọ̀rọ̀ sodabi yẹn ló ká mi lára.

Láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀, ta ni ò mọ sodabi? Ó ń jó ọ̀fun, òórùn ẹ̀ nìkan tó, torí ẹ̀ lèèyàn ṣe rò pé ó ń pa gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn síríńgì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọ inú ike: tẹ́ ẹ bá tẹ oògùn tán, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀, ojú ò rí i, ó sì ń gbẹ mọ́ ibẹ̀. Sodabi tẹ́ ẹ fà wọ̀ ọ́ àárín ló ń gbà kọjá bí omi òjò ṣe ń kọjá nínú gọ́tà tí ẹrẹ̀ ṣì wà létí ẹ̀, àti pé sodabi ẹni kan ò le bíi ti ẹlòmíì, ta ló ń wọ̀n ọ́n? Omi jafẹ́ẹ̀lì (bílíìṣì) sàn díẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ òun náà ò tó síríńgì tuntun.

Àwọn oníwádìí ti rí kòkòrò épátíìtì C, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀, láàyè nínú síríńgì lẹ́yìn ọjọ́ 63. Ti Sídà (éèdì), wọ́n rí i títí dé ọjọ́ 42, ooru bíi tiwa ń dín tiẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kì í dúró ọjọ́ kan, kì í tilẹ̀ dúró ìṣẹ́jú 2. Àwọn kan tún wà tí kálukú wọn mú abẹ́rẹ́ tiẹ̀ wá, síbí kan náà, omi kan náà, òwú kan náà ni gbogbo wọn wá jọ fi ń po oògùn, ibẹ̀ yẹn gan-an ni épátíìtì C ti ń mú èèyàn.

Ẹ fi ti ìbálòpọ̀ kún un wàyí. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀rora, wọ́n á wà lórí ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ara á bó, kapọ́ọ̀tì (kọ́ńdọ̀mù) á ya tàbí kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn PrEP, èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú kí kòkòrò má bàa wọlé, Sídà nìyẹn wà fún o, kì í dènà épátíìtì C rárá.

Mo fi síríńgì 2 kún tiwọn, owó ẹ̀ ò tó owó zẹ̀mì (ọ̀kadà). Ìgbà yẹn lèyí tó kéré jù wá rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní tó bá ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Mo ní tí kò bá tíì ju wákàtí 72 lọ kó sáré lọ òpìtáà, wọ́n ní oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28 tó lè dí Sídà lọ́nà. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, kó ṣe àyẹ̀wò, kó sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Épátíìtì B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, C ò ní, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ó sàn lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá lò ó, èèyàn sì tún lè padà kó o.

Ó ní "Tàǹtí, ṣé àyẹ̀wò yẹn máa ń dun èèyàn?"

Mo ní kò tó èyí tó ń gún ara ẹ̀.