Kọ́kọ́rọ́ tí olè ń tọrọ lọ́wọ́ onífóònù

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ńṣe ni fáírọ́ọ̀sì máa ń dédé wọ inú fóònù. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sáré gbé áàpù tó ń pariwo pé òun á fọ fóònù mọ́ sórí rẹ̀. Lórí Android, ibòmíràn ni wàhálà ti sábà ń wá.

Ilé face-me-I-face-you ni Android. Áàpù tó bá wọlé, Android á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti yàrá tirẹ̀. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kò lè ka fáìlì tó wà ní yàrá áàpù báǹkì. Bó bá sì fẹ́ lo kámẹ́rà, àfi kó tọrọ àyè. Ọgbọ́n gidi nìyẹn: bí ayálégbé kan bá tilẹ̀ jẹ́ olè, yàrá tirẹ̀ ló máa há sí.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gbogbo yàrá. Accessibility ni wọ́n ń pè é. Tìtorí àwọn tí kò ríran tàbí tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe ṣe é, iṣẹ́ rere ló sì ń ṣe fún wọn. Áàpù tó bá gbà á lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè bá èèyàn tẹ bọ́tìnì.

Òun gan-an ni FluBot, áàpù olè kan, lò nígbà tó ń da Yúróòpù láàmú ní 2021. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé ẹrù ti dé, kí onítọ̀hún tẹ líǹkì. Líǹkì á gbé áàpù wá láti ìta Play Store, áàpù á sì bẹ̀bẹ̀ fún Accessibility. Ẹni tó bá ti gbà fún un ti parí iṣẹ́ fún olè: FluBot á gbé ojú ewé ayédèrú bo áàpù báǹkì, á ka OTP (nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì ń fi ránṣẹ́), á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, kò ní gbà. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè 11 ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó rí i dá dúró ní 2022.

Lọ́dún yẹn náà, Android 13 bẹ̀rẹ̀ sí í ti Accessibility mọ́ ọ̀pọ̀ áàpù tó bá gba ẹ̀yìn wọlé láti ìta Play Store. Ó dára, ṣùgbọ́n onífóònù ṣì lè lọ sí Settings lọ ṣí i fúnra rẹ̀, ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì á sì fi sùúrù kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ni ètò náà kù sí.

Nínú Settings, abẹ́ Accessibility, orúkọ áàpù tó gba kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀ kedere. Èyí tí onífóònù kò bá mọ̀, kó pa á, kó sì yọ áàpù náà kúrò. Bó bá kọ̀, kó tan fóònù ní safe mode: áàpù tí wọ́n gbé wá láti ìta kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yíyọ rẹ̀ á sì rọrùn.