Bí ewé àti eegun ejò ṣe ń sọ bí ooru ayé àtijọ́ ṣe mú tó

Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Ooru, ọ̀rinrin àti kòkòrò ló ń pín in jẹ. Ewé tàbí eegun tó bá máa di òkúta níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè dé, kí ẹrẹ̀ mìíràn sì tètè bò ó kó tó jẹrà. Bó bá di òkúta tán pàápàá, igbó tuntun á tún hù lé e lórí, ta ni yóò rí i?

Ìdí nìyẹn tí ibi ìwakùsà fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ní Cerrejón, ní agbègbè La Guajira lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí èédú wà. Èédú yẹn fúnra rẹ̀, igbó àbàtà ni tẹ́lẹ̀. Àárín ìpele èédú ni àpáta amọ̀ wà, ara àpáta yìí sì ni ewé tẹ àmì sí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 58 sí 60 ọdún sẹ́yìn. Iṣan ewé ṣì hàn, ihò tí kòkòrò jẹ sí i náà ṣì hàn. Ẹbí kókò wà níbẹ̀, ẹbí ọ̀pẹ, ẹbí píà àti ẹbí ẹ̀wà: àwọn ẹbí tó kún igbó Amẹ́ríkà olóoru títí dòní.

Etí ewé ló ń sọ bí ooru ṣe mú tó. Níbi tí ooru bá ti mú, irú igi tí etí ewé wọn dán máa ń pọ̀ ju èyí tí tirẹ̀ ní eyín bí ayùn lọ. Irú ewé ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe ewé kọ̀ọ̀kan. Bí igi kan bá wọ ewé ẹgbẹ̀rún sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ nínú ìṣirò. Fífẹ̀ ewé ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí bí òjò ṣe pọ̀ tó.

Ibẹ̀ náà ni eegun ẹ̀yìn ejò ńlá kan ti jáde, tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ti ọ̀nì ni. Ní 2009, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá àtijọ́, Jason Head, Jonathan Bloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, sọ ejò náà ní Titanoboa. Wọ́n fi eegun rẹ̀ wé ti àwọn ejò tó wà láyé lónìí, wọ́n sì ṣírò pé yóò gùn tó mítà 13, yóò sì wọ̀n ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, ibi tó ń gbé ló ti ń gbà á. Bí irú rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ooru tó nílò ṣe máa pọ̀ tó, ìṣirò wọn sì já sí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 30 sí 34 ní ìpíndọ́gba ọdún.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba ìṣirò ejò yìí, nítorí eegun irú ejò kan ṣoṣo kéré láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Iye tí ewé mú jáde rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ewé náà ní àléébù tirẹ̀: igi etí odò àti ti àbàtà máa ń ní ewé eléyín ju ti orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ, èyí sì lè mú kí ooru tí wọ́n ṣírò kéré sí bó ṣe rí gan-an.